Éàṣíìpù tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ojú sánmà: ohun tí àwọn ará Òṣogbo ń bi wá

Iṣẹ́ áńtẹ́nà àti sólà là ń ṣe ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Àwọn oníbàárà wa ti gbọ́ lórí rédíò, wọ́n ti rí i lórí WhatsApp, pé ọkọ̀ òfúrufú kan ń bọ̀ tí yóò dúró sókè, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ másìtì. Ìbéèrè wá pọ̀. Àwọn tí wọ́n ń bi wá jù la kó síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí a máa ń fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí ni éàṣíìpù gan-an?

Ọkọ̀ òfúrufú tí gáàsì ń gbé sókè ni. Bàálù tí a mọ̀, eré tó ń sá àti apá rẹ̀ ló fi ń dúró lókè. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, àfi kó wá ilẹ̀ bà. Ti éàṣíìpù yàtọ̀. Gáàsì helium ló kún inú rẹ̀, helium sì fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó ń léfòó ni. Ikùn rẹ̀ tóbi, orí àti ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, bí ẹyọ kòkó tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wà lẹ́yìn rẹ̀, bátìrì wà nínú, fáànù oníná ló ń tì í síwájú, áńtẹ́nà sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ tó dojú kọ ilẹ̀. Kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nínú rẹ̀. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń darí rẹ̀.

Báwo ló ṣe ga tó?

Nǹkan bíi kìlómítà 20. Bàálù tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà kọjá kìlómítà 12. Sátẹ́láìtì Starlink wà ní nǹkan bíi kìlómítà 550. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wà ní nǹkan bíi kìlómítà 35,786. Ẹ rí i pé nínú gbogbo ohun tó ń ṣe másìtì lójú sánmà, èyí ló sún mọ́ wa jù.

ITU, àjọ àgbáyé tó ń pín ìgbì rédíò fún orílẹ̀-èdè gbogbo, ń pe irú másìtì òkè bẹ́ẹ̀ ní HAPS. Tí ẹ bá rí HAPS nínú ìròyìn, ọ̀rọ̀ yìí náà ni.

Kí ló dé tí kò fi dúró ní kìlómítà 5 tàbí 10?

Ojú ọ̀nà bàálù nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ìjì wà. Òjò tó ń ṣú lókè Òṣogbo nínú oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, tó máa ń ká páànù lórí ilé, orí ìkùukùu rẹ̀ lè dé kìlómítà 15, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kìlómítà 20, ọkọ̀ náà ti kọjá òjò, ó ti kọjá bàálù, ẹ̀fúùfù ibẹ̀ sì sábà máa ń rọ̀ ju ti abẹ́ rẹ̀ lọ.

Àmọ́ ohun tí wọ́n sá lọ síbẹ̀ fún, owó ńlá ni wọ́n fi ń rà á. Afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lókè yẹn. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ti ilẹ̀ lọ. Helium tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, lè gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù kan nílẹ̀ níbí. Lókè yẹn, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 75 lọ. Kí ọkọ̀ náà tó lè gbé ẹrù kìlógíráàmù 100, irú àpótí bẹ́ẹ̀ bíi 1,300 ni helium rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún, a kò sì tíì ka ìwúwo awọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tóbi fàkìà, tí ẹrù tó gbé kò sì tó nǹkan.

Nígbà tó bá sì ń gbéra, wọn kì í fi gáàsì kún un. Gáàsì náà yóò fẹ̀ ní ìlọ́po bíi 14 kó tó débẹ̀. Bí wọ́n bá kún un nílẹ̀, yóò bẹ́ lójú ọ̀nà.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí, àbí àlá lásán ni?

Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Kí a sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń ta ọjà yìí lórí WhatsApp kì í sọ apá ibí yìí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Sky Station, tí Alexander Haig, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà kan rí, wà nídìí rẹ̀, ní àwọn yóò fi éàṣíìpù 250 yí gbogbo ayé ká. Ìpàdé ITU ọdún 1997 tilẹ̀ ya ìgbì rédíò sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbì wà, ìwé àṣẹ wà, ọkọ̀ ni kò sí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn 250 náà tó gòkè.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin gbé éàṣíìpù kan tó ń jẹ́ HALE-D kúrò ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ó gùn tó mítà 73. Kìlómítà 18 ni wọ́n ń lé. Nígbà tó dé nǹkan bíi kìlómítà 10, nǹkan yíwọ́, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú igbó ní Pennsylvania.

Google ní tirẹ̀ kò lo éàṣíìpù. Bàlúùnù ló lò, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó ń gun ẹ̀fúùfù kiri: bó bá fẹ́ yí ọ̀nà, á gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ẹ̀fúùfù tó ń lọ síbi tó ń lọ. Loon ni wọ́n pè é. Ọdún 2013 ni wọ́n fi han aráyé ní New Zealand. Nígbà tí ìjì Maria ba Puerto Rico jẹ́ ní 2017, tí másìtì wó lulẹ̀, Loon ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò. Ní oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olówó ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú Telkom Kenya. Bàlúùnù wọn kan tilẹ̀ lo ọjọ́ 312 lókè láìbalẹ̀. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n kéde pé àwọn ń ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Owó tó ń wọlé ni kò lè bá owó tó ń jáde dọ́gba.

Facebook náà kọ́ díróònù ńlá kan, Aquila. Ó kọ́kọ́ fò ní 2016. Ní 2018, wọ́n pa á tì.

Àwọn tó kù sí pápá báyìí ńkọ́? Zephyr, díróònù alápá gígùn tí Airbus kọ́, fò fún ọjọ́ 64 ní 2022 kó tó já. Ní 2025, ó gbéra ní Laikipia, ní Kẹ́ńyà, ó sì lo ọjọ́ 67 lókè. Ní ti éàṣíìpù gan-an, ilé-iṣẹ́ Sceye tó wà ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe dáadáa jù lójú tèmi: ní 2024, ọkọ̀ wọn fi sólà ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó fi bátìrì la òru já, ó sì tún rí oòrùn ọjọ́ kejì. Ní 2025, SoftBank ti Japan fi owó sínú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí: nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, bàlúùnù àti díróònù ló ti pẹ́ lókè jù. Éàṣíìpù ṣì ń kọ́ bí yóò ṣe máa sun òru mọ́jú léraléra.

Kí ló wá ń yọ wọ́n lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀?

Òru àti ẹ̀fúùfù. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ni ìṣòro. Áńtẹ́nà tó lè ṣiṣẹ́ náà ti wà tipẹ́.

Kí ọkọ̀ náà tó lè dúró sójú kan, ó gbọ́dọ̀ máa fi fáànù rẹ̀ ta ko ẹ̀fúùfù láìdúró. Ìṣirò rẹ̀ le: bí ẹ̀fúùfù bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, iná tí fáànù nílò yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, iná yóò di ìlọ́po 27. Ọ̀sán kò burú, torí pánẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ìkùukùu tó lè bò ó níbẹ̀. Alẹ́ ni ìdánwò. Ẹnikẹ́ni tó ti ra sólà lọ́wọ́ wa mọ̀ ọ́n: pánẹ́ẹ̀lì kò wọ́n tó bátìrì, bátìrì tí yóò gbé fíríìjì mọ́jú ló ń já owó gbà. Nílé yín, ẹ lè ra bátìrì kan sí i kẹ́ ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀. Lórí éàṣíìpù, bátìrì tẹ́ ẹ bá fi kún un wúwo, ìwúwo ń bèèrè helium sí i, helium ń bèèrè ikùn tó tóbi sí i, ikùn tó tóbi sí i ni ẹ̀fúùfù sì ń rí gbá mú. Ó ń yí po bẹ́ẹ̀ ni.

Ká má gbàgbé òtútù. Ìwọ̀n −60 lórí Celsius kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀, bátìrì kò sì fẹ́ràn òtútù. Oòrùn ibẹ̀ náà le, ó ń jẹ awọ ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀dọ̀ wa níbí dára fún un ju ilẹ̀ àwọn òyìnbó lọ?

Ní ti òru, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún ní Òṣogbo ju wákàtí 11 àti ààbọ̀ lọ, èyí tó gùn jù kò sì pé 13. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àárín oṣù Kejìlá, oòrùn kì í ran tó wákàtí mẹ́jọ. Bátìrì wo ni yóò gba òru wákàtí 16? Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ́ ọkọ̀ tó lè la òru Òṣogbo kan já, yóò lè la gbogbo òru ọdún já. Ọ̀kan nínú ìdí tí Zephyr fi lọ gbéra ní Kẹ́ńyà, tó wà lórí ìlà agbedeméjì ayé, nìyẹn.

Gbígbéra àti bíbalẹ̀ ni yóò ṣòro lọ́dọ̀ wa. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò gbọ́dọ̀ pàdé ìjì nílẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó máa dára jù, láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ewé kò mì.

Bó bá dúró lókè Òṣogbo, ibo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yóò dé?

Láti kìlómítà 20, ojú ríran dé nǹkan bíi kìlómítà 500 kí ilẹ̀ tó tẹ̀ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye yẹn tàn yín. Ìgbì tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ rá ilẹ̀ ni, igi kòkó, òkè àti páànù yóò sì dí i. Nǹkan bíi kìlómítà 100 yípo ni kí ẹ máa fọkàn sí.

Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Bí ẹyẹ ṣe ń fò, Iléṣà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Òṣogbo lọ. Ilé-Ifẹ̀ lé díẹ̀ ní 30. Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní 50. Ìbàdàn àti Ìlọrin, nǹkan bíi 80. Àkúrẹ́, nǹkan bíi 90. Èkó, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, kò sí nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú apá kan lára Ọ̀yọ́, Kwara, Òǹdó àti Èkìtì.

Ẹni tó wà ní Ẹdẹ yóò gbójú sókè dáadáa kó tó rí i. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní láti wò ó nísàlẹ̀ ojú sánmà, bó bá sì wà nínú yàrá alábúlọ́ọ̀kù tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síbòmíràn, agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yóò dín kù. Àwọn ìlú tó wà láàrin òkè, irú Ìmẹ̀sí-Ilé, ló máa jàǹfààní jù, nítorí másìtì ilẹ̀ ni òkè máa ń dí. Ohun tó ń ti òkè bọ̀ ń wò wọ́n látòkè.

Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgboro Òṣogbo yóò wá yára?

Rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Dátà tí ọkọ̀ kan lè pín ní ìwọ̀n. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa pín in. Ẹ wo ọjọ́ Ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí èrò láti ilé àti òkè òkun bá kún ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, tí oníkálukú ń gbé fóònù sókè láti fi Arugbá hàn lórí Facebook. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kàn máa yí ni. Kì í ṣe pé másìtì jìnnà. Èrò ló pọ̀ jù lórí rẹ̀. Éàṣíìpù tó wà ní kìlómítà 20 kò ní lè yanjú ìyẹn, àfi kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé másìtì orí ọkọ̀ wá fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjà Ọba, Ọlọ́nkóró, Ìgbọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́ UNIOSUN: másìtì ilẹ̀ àti wáyà fáíbà ló bá wọn mu.

Ẹni tí éàṣíìpù wà fún ni ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá. Lọ́nà oko kan lẹ́yìn Ìkirun tí a lọ bá wọn fi sólà sí ilé-ìwòsàn, fóònù abúlé wà nínú ọ̀rá, wọ́n fi okùn so ó kọ́ ìṣó lójú fèrèsé. Ibẹ̀ nìkan ni bàà kan ti ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní Èkó á dúró síta, á ti orí bọ fèrèsé, á máa pariwo sí sípíkà. Bó bá yọ fóònù kúrò lára ìṣó báyìí, ọ̀rọ̀ já. Ìyá kan tó ń ṣe POS nítòsí ibẹ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sáré gun orí àpáta kí owó oníbàárà tó lè kọjá. Másìtì kan kò ní débẹ̀ láé, nítorí iye èèyàn abúlé náà kò lè san owó dísù jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Irú abúlé bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún, tó fọ́n ká láti Ìlá dé Ifẹ́tẹ́dó, ni ọkọ̀ kan lè bò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣé fóònù tí mo ní yìí náà ni màá fi lò ó?

Bó bá jẹ́ fóònù 4G, ó ṣeé ṣe. Loon ti ṣe é ní Kẹ́ńyà: fóònù lásán ni wọ́n lò, wọn kò ra áwo. Ní ìpàdé ITU tí wọ́n ṣe ní Dubai ní ìparí 2023, wọ́n fàyè gbà á kí másìtì òkè máa lo irú ìgbì kan náà tí másìtì ilẹ̀ ń lò fún fóònù, èyí tó wà lábẹ́ 2.7 GHz (GHz ni wọ́n fi ń wọn ìgbì rédíò). Fóònù yín kò ní mọ̀ bóyá Ìkirun ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wá tàbí ojú sánmà.

Fóònù tọ́ọ̀ṣì àwọn bàbá wa lóko, èyí tí kò kọjá 2G, lè má rí nǹkan gbà, torí 4G ni wọ́n sábà máa ń gbé gòkè. Èyí dùn mí díẹ̀, torí àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni fóònù tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó dé, bíi ti sátẹ́láìtì?

Kì í pẹ́. Ìgbì rédíò ń sáré kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; kìlómítà 20 kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Sátẹ́láìtì tó wà ní 35,786 ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ tán, kẹ́ ẹ dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ìdáhùn tó dé.

Ibo ni éàṣíìpù fúnra rẹ̀ ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ilẹ̀ ni. Áwo ńlá kan yóò wà níbì kan, bóyá ní Òṣogbo bóyá ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti fi wáyà fáíbà dé, áwo náà ni yóò máa ta dátà sókè fún un. Nítorí náà, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀rọ̀ ẹkún ní Nàìjíríà, éàṣíìpù kò ní lè gbà wá. Bí NEPA bá sì mú iná lọ níbi tí áwo náà wà, tí dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ á wà lókè, sólà rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní sí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí àwọn èèyàn bá ní éàṣíìpù yóò já wa gbà lọ́wọ́ NEPA.

Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?

Ó dá lórí ìgbì tí wọ́n bá lò. Ìgbì fóònù, èyí tí mo sọ pé ó wà lábẹ́ 2.7 GHz, ń la òjò kọjá láìsí wàhálà. Ìgbì gíga, irú ti 38 tàbí 47 GHz, ń gbé dátà púpọ̀, ṣùgbọ́n òjò ńlá ń mu ún. Bí wọ́n bá fi ìgbì gíga so ọkọ̀ náà mọ́ áwo rẹ̀ nílẹ̀, tí òjò Okúùdù bá dé, nǹkan lè falẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, kódà níbi tí oòrùn ti ń ràn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí áwo má jẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n fi ọ̀kan sí Òṣogbo, òmíràn sí ìlú tó jìnnà díẹ̀. Òjò kì í sábà rọ̀ sórí méjèèjì pọ̀.

Ní ti àrá, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ni ìjà Ṣàngó ti sábà máa ń wáyé.

Ṣé kò ní gbiná kó já lé wa lórí?

Iná kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀. Éàṣíìpù Hindenburg tó jóná ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1937, tó pa èèyàn 36, gáàsì hydrogen ló wà nínú rẹ̀, hydrogen sì ń jó. Helium kì í jó rárá.

Pé kó já, ó lè ṣẹlẹ̀. HALE-D sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó, Zephyr já ní 2022. Tí awọ rẹ̀ bá lu, gáàsì á máa jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, kò ní bẹ́ bíi fèrè ọmọdé, àwọn tó ń darí rẹ̀ sì lè ní àyè láti tì í síbi tí kò sí ilé. Ohun tí a ní láti bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e wá ni ibi tó ti pinnu láti máa sọ ọ́ kalẹ̀, àti ta ni yóò san owó gbà-má-bínú bó bá fọ́ ilé onílé.

Ìgbì rẹ̀ kò ní ṣe wá ní jàǹbá?

Másìtì tó wà ní mítà 200 sí ilé yín sún mọ́ yín ní ìlọ́po 100 ju ọkọ̀ tó wà ní mítà 20,000. Bí agbára tó ń jáde lára àwọn méjèèjì bá dọ́gba, èyí tó dé ara yín láti òkè yóò dín sí ìdá kan nínú 10,000. Fóònù tó wà létí yín gan-an ló ń ta ìgbì sí yín lára jù, ó sì máa ń fi kún agbára rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá jìnnà.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ máa fi ṣọ́ wa?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2023, Amẹ́ríkà yìnbọn lu bàlúùnù Ṣáínà kan tó ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 18, wọ́n ní amí ni. Ṣáínà ní ojú ọjọ́ ló ń wò. Ohun tó bá lè gbé áńtẹ́nà lè gbé kámẹ́rà, Sceye àti àwọn tó ni Zephyr kò sì fi í pamọ́ pé àwọn ń ya àwòrán ilẹ̀ tà. Kí irú rẹ̀ tó lè dúró lókè Nàìjíríà, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ fún un ní ìgbì, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fífò rẹ̀, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè náà kò sì ní dákẹ́. Ibẹ̀ ni kí àwọn aṣòfin wa ti béèrè bóyá kámẹ́rà wà lábẹ́ rẹ̀, àti ibi tí àwòrán rẹ̀ ń lọ.

Starlink ti wà. Kí la tún fẹ́ fi éàṣíìpù ṣe?

Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, a sì ti so púpọ̀ fún àwọn oníbàárà. Ó dára. Àmọ́ áwo rẹ̀ wọ́n, ó ń jẹ iná, owó oṣù sì wà nídìí rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń ra dátà igba náírà kò lè dá a gbé. Éàṣíìpù fẹ́ wọ inú fóònù tó wà lápò àgbẹ̀ náà tààrà. Starlink náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sátẹ́láìtì rẹ̀ bá fóònù lásán sọ̀rọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Bí ìyẹn bá gbilẹ̀ kí éàṣíìpù tó yanjú ọ̀rọ̀ òru rẹ̀, mi ò rí ohun tí éàṣíìpù máa rí tà mọ́ ju ìgbà àjálù lọ.

Nígbà wo ni yóò dé Òṣogbo, èló sì ni?

Kò sí éàṣíìpù kankan tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè Òṣogbo báyìí, ẹ kò sì lè ra síìmù rẹ̀ níbì kankan. Iye tí ẹ óò máa san lè má yàtọ̀ púpọ̀ sí ti dátà tí ẹ ń rà, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lò ni yóò háyà ọkọ̀ náà. Ohun tó wọ́n ni helium. Inú kànga gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, Amẹ́ríkà, Qatar àti Algeria sì wà lára àwọn tó ń tà á jù, pẹ̀lú dọ́là.

Kí ni abúlé wa lè ṣe kó tó dé?

Ẹ wá áńtẹ́nà ìta, èyí tí wọ́n ń gbé sórí igi gíga tàbí páìpù, kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí ìhà másìtì tó sún mọ́ yín. Bàà kan lè di mẹ́ta. Ẹ má ra ẹ̀rọ tó ń fi kún nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri. Òmíràn ń ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo àdúgbò jẹ́, NCC sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí abúlé bá lè dáwó jọ, áwo Starlink kan àti sólà kékeré lè tó ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn. Fún owó fífiránṣẹ́, ẹ máa lo USSD. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí áàpù ti ń yí lásán.

Ẹnì kan ní kí a san owó sílẹ̀ fún "síìmù éàṣíìpù", kí orúkọ wa lè wà lórí ìwé.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ NCC hàn yín. Bó bá ní ó ń bọ̀, ẹ pe 622, nọ́ńbà NCC fún ẹ̀sùn oníbàárà. Ọ̀fẹ́ ni.